Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Pípín Pọlinómíà: Àtọwọ́dá tàbí Onípò?

Nígbà tí Èdè Ìperí Yorùbá jáde, Ìdìpọ̀ Kìíní láti ọwọ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé (1984), Ìdìpọ̀ Kejì láti ọwọ́ Ọládélé Awóbùlúyì (1990), ẹ̀ka èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá bá jókòó sí kíláàsì kan náà ní Enugu, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ó fi kọ́ ọ̀nà pípín pọlinómíà tí à ń pè ní synthetic division.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá túmọ̀ synthetic ní tààrà lè bọ́ sí "àtọwọ́dá", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eyín àtọwọ́dá. "Àkópọ̀", tí ó sún mọ́ orísun ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gíríìkì, kò sàn jù ú lọ: pípín ni iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn fi orúkọ Ruffini ará Ítálì tàbí Horner ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1819) pè é, bẹ́ẹ̀ Qin Jiushao ti lo irú rẹ̀ ní Ṣáínà ní 1247. Orúkọ ènìyàn ń bu ọlá fún ẹni. Kò la iṣẹ́ yé akẹ́kọ̀ọ́.

Bí a bá fẹ́ fi x − 2 pín 2x³ − 3x² − 5, a ó pa x tì, a ó to òǹkà nìkan: 2, −3, 0, −5. A ó sọ 2 àkọ́kọ́ kalẹ̀, a ó fi 2 inú x − 2 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó ro èsì rẹ̀ mọ́ òǹkà tí ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin. Èsì ni 2, 1, 2, −1: ìyẹn 2x² + x + 2, ó ṣẹ́ ku −1.

Òdo yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Kò sí x lásán nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fo òdo yóò rí −3 gẹ́gẹ́ bí àṣẹ́kù, kò sì ní mọ ibi tí ó ti ṣìnà.

"Ìpín onípò" ni ó yẹ ọ̀nà yìí. A lè jiyàn pé pípín gígùn náà ní ipò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó ń ṣọ́ ipò níbẹ̀. Níhìn-ín, lẹ́tà ti lọ. Ipò nìkan ni ó kù, ó sì yẹ kí orúkọ rán akẹ́kọ̀ọ́ létí rẹ̀.