Ìlà Irin Inú MCG-6-30-15: Ẹ̀rí Ni Tàbí Àbá?

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé Nature ní 1995. Sátẹ́láìtì ASCA ni wọ́n fi ka ìtànṣán X-ray tí ó ń jáde láti àárín àgbájọ ìràwọ̀ MCG-6-30-15. Orí 6.4 keV ni ó yẹ kí ìlà irin wà. Èyí tí wọ́n rí fẹ̀ gidigidi, ìrù rẹ̀ sì wọ́ lọ sí apá ibi tí agbára ti kéré. Wọ́n ní ihò dúdú ni ó fà á.

A gbóríyìn fún àkíyèsí náà. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè wọn ìrù ìlà láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ pinnu bí ìtànṣán tí ìlà náà gùn lé ṣe rí. Ní 2008, Miller, Turner àti Reeves ṣàlàyé pé bí ìkùukùu gáàsì bá bo apá kan orísun ìtànṣán náà, irú ìrísí yẹn lè wáyé láìsí ìrù rárá. Ní 2013, Risaliti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi NuSTAR àti XMM-Newton wo NGC 1365, wọ́n sì ní ìkùukùu nìkan kò tó. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá ti ara ìlà yìí sọ bí ihò dúdú ṣe ń yára yípo tó gbọ́dọ̀ sọ irú ìkùukùu tí ó gbà pé ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àbá ni ó pè ní ẹ̀rí.