Ta Ni Yóò Jókòó Láàárín? Àyẹ̀wò Eré Orí Fóònù Is This Seat Taken? láti Old Kent Road

Ìfáárà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Poti Poti Studio, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó fi ìlú Barcelona ṣe ibùjókòó, gbé eré kan jáde fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Is This Seat Taken? ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni eré náà gbé lé wa lọ́wọ́: kí a wá ìjókòó fún àwọn tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, àwọn tí wọ́n wá wo sinimá, àwọn tí wọ́n há mọ́ra nínú takisí, àti àwọn tí a pè síbi ìgbéyàwó. Oníkálukú ló ní ohun tí ó ń fẹ́. Ọ̀kan fẹ́ ẹ̀bá fèrèsé. Òmíràn kò lè fara da òórùn lọ́fínńdà. Ẹ̀kẹta kò fẹ́ ariwo. Bí gbogbo wọn bá ti rí ibi tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, àdììtú ti tú nìyẹn.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé eré náà yege nínú ohun tí ó dáwọ́ lé, ṣùgbọ́n a kò lè kọ ọ́ ní èdè Yorùbá láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ béèrè ohun kan tí òun kò béèrè: ta ni àgbà láàárín wọn? Láti inú gbọ̀ngàn òde ní Old Kent Road, ní Peckham, ni a ó ti wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá ìlú London ti ń to ìjókòó fún ìnáwó. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Irú eré yìí rọrùn láti sọ di ohun èlò ìkọ́ni. Ẹni tí ó bá sì túmọ̀ rẹ̀ lérèfé yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ ìjókòó láìkọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó.

Ohun tí eré náà mọ̀ ọ́n ṣe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún eré náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò sí aago tí ń lé ènìyàn níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kò ju àwòrán lọ: onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, roboto. Nat, tí ó jẹ́ onígun mẹ́rin, ń lépa àtidi òṣèré, ìtàn rẹ̀ ni ó sì so àwọn ìpele eré náà pọ̀. Àwòrán wọ̀nyí bá ẹni tí ń ronú ní Yorùbá lára mu. Akọ tàbí abo kò hàn lára onígun mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni "ó" inú èdè wa kò bìkítà fún akọ tàbí abo. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń dúró láti yan ọ̀kan nínú méjì, Yorùbá kàn ń kọjá lọ ni.

Èyí tí ó tún yẹ ní yíyìn ni pé eré náà mọ̀ pé ìfẹ́ ẹnì kan kì í dá dúró. Ẹni tí ó fi lọ́fínńdà para kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí ẹni tí kò lè fara da òórùn bá jókòó tì í. Bí a bá gbé ọ̀kan kúrò ní àyè rẹ̀, ó di dandan kí a tún ti èkejì wò. Ẹ̀kọ́ ìwà ni èyí jẹ́, kò sì sí ìwàásù kankan nínú rẹ̀.

Àdììtú ìjókòó márùn-ún

Kí ọ̀rọ̀ wa lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa náà hun àdììtú kékeré kan ní ìlànà eré yìí. Ká ní ibi ìdána ni, ní ìlà iwájú, ní apá àwọn ẹbí ìyàwó. Àga márùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Àga kìíní ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ènìyàn márùn-ún ni yóò jókòó: bàbá ìyàwó, ìyá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, àlejò kan, àti ọmọdé kan tí í ṣe àbúrò ìyàwó. Bàbá ìyàwó fẹ́ àga àárín. Àlejò fẹ́ ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, nítorí pé yóò tètè lọ. Ìyá ìyàwó fẹ́ kí ọmọdé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọmọdé náà kò fẹ́ jókòó ti bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó kò béèrè ohunkóhun.

Ọ̀nà 120 ni a lè gbà to ènìyàn márùn-ún sórí àga márùn-ún. Bí a bá ti fi bàbá ìyàwó sí àárín, ó ku 24. Bí àlejò bá ti jókòó sí àga kìíní, ó ku 6. Kí ìyá àti ọmọ tó lè wà pa pọ̀, àfi lórí àga kẹrin àti ìkarùn-ún. Ó ku 2. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kò sì ti fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ìyá ni yóò jókòó sí ìkẹrin, ọmọ sí ìkarùn-ún. Ó ku 1. Àlejò, ẹ̀gbọ́n, bàbá, ìyá, ọmọ: gbogbo ìfẹ́ ti ṣẹ.

Ẹni tí ó bá mọ òde Yorùbá yóò ti rí i pé ìjà ni a tò sórí ìlà yẹn. Àbúrò gba àárín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́, àlejò tí ń kánjú lọ ni a sì fi tì í. Nínú eré, ẹni tí kò béèrè ohunkóhun ni ó rọrùn jù láti tẹ́ lọ́rùn; àyè tí ó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, àgbà kì í tọrọ àga. "Ibi tí ẹ bá fún mi náà ló dára" ni yóò wí, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ èdè ni yóò sì mọ̀ pé ìdánwò ni gbólóhùn náà. Bí wọ́n bá fi í sí àga kejì, kò ní jà níbẹ̀. Yóò jẹun, yóò súre fún àwọn ọmọ, yóò sì máa lọ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí ni wọn yóò tó gbọ́ ọ. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni òfin tí ó wúwo jù nínú àdììtú náà, òun gan-an ni kò sì sí lójú fóònù.

Bàbá ìyàwó tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kò ní jẹ́ kí ó dé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò dìde lórí àga àárín, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ síbí." Ẹ̀gbọ́n yóò kọ̀, òun yóò tún rọ̀ ọ́, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ̀gbọ́n tó gbà. A wá rí i pé bàbá ìyàwó fẹ́ àga àárín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ kí ó lè rí ohun tí yóò fi tọrẹ. Irú ìfẹ́ báyìí kò ní àyè nínú eré tí a ń wò, nítorí pé ìgbà tí a bá jókòó sí ibi tí a fẹ́ ni ìfẹ́ ń ṣẹ níbẹ̀.

Èdè tí ó ti mọ ipò kí ó tó sọ̀rọ̀

Inú gírámà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú láti kọ ìfẹ́ wọn sílẹ̀. Ti ọmọ rọrùn: "Ó fẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀." Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni, "Wọ́n fẹ́ jókòó láàárín" ni a ó kọ. Bí a bá kọ "ó" fún ẹ̀gbọ́n, a ti rí i fín. Bí a bá kọ "wọ́n" fún ọmọ, a ti sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí òǹkàwé tó mọ àga tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́, ó ti mọ ẹni tí ó ju ẹnì kan lọ. Ohun tí eré náà kò kà sí ni èdè wa kọ́kọ́ ń sọ. "Wọ́n" yìí kan náà lè dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ àgbà kan, ó sì lè jẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń hun àdììtú ní láti ṣọ́ra fún un.

Ibi kan sì wà tí Yorùbá ti mú ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ ẹ̀bá fèrèsé" kò ṣeé ṣì gbọ́: ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó fẹ́ fèrèsé. "Ọmọ náà sọ pé ó fẹ́ ẹ̀bá fèrèsé" ń tọ́ka sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ arọ́pò kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó sọ̀rọ̀, "Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ̀bá fèrèsé" ni a ó gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí "òun" àti "ó" ń dà láàmú yóò rí ìdánrawò gidi nínú àdììtú ìjókòó, nítorí pé bí ó bá ṣì wọ́n lò, ẹni tí kò yẹ ni yóò gbé sí ẹ̀bá fèrèsé.

Orúkọ eré náà pàápàá gba ìrònú. "Ṣé ẹnì kan ti gba àga yìí?" yé ni, ṣùgbọ́n kò jọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi òde. "Ẹ kú ìjókòó" ni a fi ń kí àwọn tí a bá lórí àga. Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn ni a ó tó wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà níbí?" Ẹni tí ó béèrè àga láìkí ènìyàn lè rí àga náà gbà, ṣùgbọ́n ojú tí wọn yóò fi wò ó kò ní dára.

Gbọ̀ngàn Old Kent Road

Old Kent Road kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ eré. Láti àwọn ọdún 1930 ni ó ti wà lójú pátákó Monopoly ti London: £60 ni owó rẹ̀, òun nìkan sì ni òpópónà tí ó wà ní gúúsù odò Thames lórí pátákó náà. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní ọdún 2013 ka ìjọ 240 tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní agbègbè Southwark, níbi tí òpópónà yìí wà. Ilé ìkẹ́rùsí àti ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, àga tí a tò dọ́gba dọ́gba. Àwọn ènìyàn ni ó ń gbé ipò wọlé.

Ìdána ni ó fi èyí hàn jù. Alága ìdúró ni agbẹnusọ ẹbí ọkọ. Alága ìjókòó ni ti ẹbí ìyàwó. Orúkọ méjèèjì ti sọ ẹni tí ó wá tọrọ àti ẹni tí a wá bá. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi àga lọ̀ wọ́n.

Nínú The Invention of Women (1997), Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé pé ipò àgbà ni òpó ètò àwùjọ Yorùbá, àti pé ipò náà ń yí padà gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó wà níkàlẹ̀ bá ṣe rí. Àgbà níhìn-ín lè di àbúrò lọ́hùn-ún. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àdììtú gbọ̀ngàn kì í tú tán. Ẹni tuntun kan tí ó wọlé lè mú kí odidi ìlà dìde.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tìtorí èyí dá gbọ̀ngàn láre nínú ohun gbogbo. Bibi Bakare-Yusuf ti bá Oyěwùmí jiyàn pé agbára kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo, pé ọ̀rọ̀ àgbà lè bo irú agbára mìíràn mọ́lẹ̀. Ẹ tún wo ọmọdé inú àdììtú wa. Ó ní òun kò fẹ́ jókòó ti bàbá òun; eré gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì fún un ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bàbá. Nínú gbọ̀ngàn, ta ni yóò bi í? Ọmọ tí a ti ń fi sí ibi tí ó bá ṣí sílẹ̀ láti kékeré yóò rí ìtura nínú eré tí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fẹ́. Ìtura náà kì í ṣe ohun tí olùkọ́ èdè gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Àgbálọgbábọ̀

Ètò tí ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní fún Old Kent Road ń fojú sọ́nà fún ilé tuntun 20,000, ilẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ sì wà lára ibi tí wọn yóò kọ́ wọn sí. Gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń fi ojú kọ́ ìjókòó lè má sí ní àrọ́wọ́tó wọn títí láé. Ìdí nìyí tí kíláàsì fi ní láti gbà lára iṣẹ́ náà.

Àbá wa ni pé kí olùkọ́ lo àdììtú ìjókòó ní ìpele mẹ́ta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ tú u bí eré ṣe ń tú u, láti 120 dé 1. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ìfẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi lo "ó", "òun" tàbí "wọ́n". Ní ìparí, kí ẹ̀gbọ́n wọlé, kí a sì bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí bàbá ìyàwó yóò sọ àti ohun tí ọmọdé náà ìbá sọ bí wọ́n bá bi í. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣàlàyé ìdí tí bàbá ìyàwó fi fẹ́ àga tí kò ní jókòó lé ti gbọ́ Yorùbá.