Yàrá Ijó Tí Kò Sí ní Colorado

Fọ́tò tí a yà ní ìta gbangba kì í pẹ́ jẹ́wọ́ ibi tí ó ti wá. Òkè kan yóò wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn inú rẹ̀, tàbí ilé ìjọsìn, tàbí pátákó tí a kọ orúkọ àdúgbò sí. Fọ́tò inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri jọ ògiri, àjà jọ àjà. Aṣọ tí àwọn ènìyàn wọ̀ lè sọ àkókò fún wa, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó sọ ìlú. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ó ju ogójì ọdún lọ tí àwọn olùwòran fi bi í ní ìbéèrè kan náà: ilé wo nìyí?

Òun ni Stanley Kubrick fi parí The Shining, fíìmù tí ó gbé jáde ní 1980 láti inú ìtàn àròsọ tí Stephen King kọ ní 1977. Jack Torrance, ẹni tí Jack Nicholson ṣe, gba iṣẹ́ láti máa ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lórí òkè ní Colorado, ní àkókò òtútù tí àlejò kankan kì í sí níbẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ lọ. Ilé náà yí i lórí. Ó gbé àáké, ó ń lé aya àti ọmọ kiri, òtútù sì pa á sí ìta. Lẹ́yìn èyí ni kámẹ́rà rọra sún mọ́ àwọn fọ́tò tí a gbé kọ́ sára ògiri, títí tí ó fi kan ọ̀kan nínú wọn: èrò rẹpẹtẹ nínú yàrá ijó, tọkùnrin tobìnrin nínú aṣọ òde alẹ́. Ta ni a rí láàárín, níwájú gbogbo wọn? Jack ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Àkọlé ìsàlẹ̀ sọ pé ijó ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 1921, ni. Ibẹ̀ ni fíìmù parí sí.

Kubrick kò fi í pa mọ́ pé fọ́tò àtijọ́ gidi ni. Ó sọ fún Michel Ciment, alárìíwísí ọmọ ilẹ̀ Faransé, pé òun ti kọ́kọ́ fẹ́ kó àwọn òṣèré jọ láti yà á, ṣùgbọ́n òun rí i pé kò sí òṣèré tí ojú rẹ̀ lè jọ ojú àwọn ará 1921 tó àwọn ará 1921 fúnra wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ya Nicholson lọ́tọ̀, tí wọ́n mú kí ìmọ́lẹ̀ àti ìdúró rẹ̀ bá ti fọ́tò náà mu, tí Joan Smith, ọ̀jáfáfá nínú títún fọ́tò ṣe, sì fi orí rẹ̀ rọ́pò orí ọkùnrin kan tí ó wà níbẹ̀. Ní 1985, ìwé kan tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí tẹ fọ́tò náà jáde bí ó ti wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. A wá rí ojú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò sì mọ ilé tí ó ti ń jó.

Ibi tí ìmọ̀ kò bá sí, ìméfò a máa gba ìjọba. Nítorí pé ọkùnrin ààrin yìí gbé ọwọ́ kan sókè, tí ó rẹ ìkejì sílẹ̀, àwọn kan ní àmì àwọn abọ̀ṣù ni. Àwọn mìíràn ní àpéjọ àwọn olówó báńkì ni, wọ́n sì ń tọ́ka sí ààrẹ Amẹ́ríkà láàárín èrò. Mo mọ̀ pé fíìmù tí ó kún fún àdììtú ni ó ń sún olùwòran sí irú èyí. Síbẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n, wọ́n ní òbí, wọ́n sì ní orúkọ. Òkú kò lè dìde kí ó wí pé ijó lásán ni mo lọ.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ Santos Casani, gbajúmọ̀ olùkọ́ ijó ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1920 sí 1930. Alasdair Spark, olùkọ́ Yunifásítì Winchester tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti Aric Toler, akọ̀ròyìn New York Times, wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n ń wá yàrá ijó tí ó bá fọ́tò náà mu. Wọn kò rí i. Níkẹyìn, ibi ìkó-fọ́tò-pamọ́ Hulton, tí ó wà lọ́wọ́ Getty nísinsìnyí, ni a ti rí i, ibẹ̀ gan-an ni ilé-iṣẹ́ Kubrick sì ti gba àyè láti lò ó ní 1978. Àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Topical Press tí ó yà á wà pẹ̀lú rẹ̀: Empress Rooms, Royal Palace Hotel, Kensington, ní Lọ́ńdọ̀nù, ijó ọjọ́ Falẹntáìnì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 1921. Ní 2025 ni Spark kéde rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. A ti wó òtẹ́ẹ̀lì yẹn tipẹ́. Royal Garden Hotel ni ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kò sí ohun kan lára ògiri inú fọ́tò náà tí ó sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìlà díẹ̀ tí akọ̀wé kan kọ sínú ìwé iṣẹ́ ni ó sọ ọ́.

Ǹjẹ́ mímọ̀ yìí ba fíìmù náà jẹ́ bí? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì inú fíìmù kò sí níbì kan láti ìbẹ̀rẹ̀: iwájú rẹ̀ wà ní Oregon, inú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí a kàn sí ilé-iṣẹ́ fíìmù Elstree lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá a mu nígbà náà pé ijó ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà tí a fi hàn wá jẹ́ ijó ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí ẹ̀rù wà. Tẹ́lẹ̀, à ń bẹ̀rù fún Jack, ẹni tí ilé gbé mì. Nísinsìnyí a mọ ẹlòmíràn tí ilé náà gbé mì: Casani, ẹni tí a yọ orí rẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń jó lọ níwájú gbogbo ayé láìní orúkọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn ayafọ́tò wa. Stephen Sprague kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ Yorùbá a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, alààyè yóò wọ aṣọ òkú fún èkejì. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ète wọn kò dọ́gba. Ti Kubrick lé ẹni tí ó wà níbẹ̀ jáde kí ẹni tí kò sí lè jókòó. Tiwa wá àyè fún ẹni tí ó ti lọ, láìgba ìjókòó ẹnikẹ́ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ti fi hàn pé ìrántí wà nínú ọ̀rọ̀ náà àwòrán: ohun tí a wò láti fi rántí ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn fọ́tò ìparí The Shining, iṣẹ́ ọnà ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tíì di àwòrán títí tí ẹnìkan fi lọ ṣí ìwé, tí ó sì dá orúkọ padà fún olórúkọ.

Àìmọye fọ́tò ni ó wà nínú àpótí wa nílé, tí àwọn tí ó mọ ìyẹ̀wù tí a ti yà wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún. Ojú wọn kò ní sọ nǹkan kan fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yìn wọn ni kí a kọ ọ́ sí.