Òkè Ni Ààyè Àgbà Nínú Jiu-jitsu

Ẹlẹgbẹ́ mi kan, lámèyítọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún lórí ọ̀rọ̀ gídígbò, kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé bí jiu-jitsu bá máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, kí ọ̀dọ́ máa jà lókè, kí àgbàlagbà máa jà láti ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni Hélio Gracie, ará Brazil tí kò lágbára lára, tó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tó sì ń fi ẹsẹ̀ de àwọn tó tóbi jù ú lọ. Ó tún fi pápá Maracana Ajégúnlẹ̀, níbi tí Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí ayé tó mọ̀ wọ́n, gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ló ni eré ìdárayá àdúgbò yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ì bá ti rántí Maracanã ti Rio de Janeiro, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ti Ajégúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni Hélio ti pàdé Masahiko Kimura, ará Japan, ní oṣù kẹwàá ọdún 1951. Kimura dá a léraléra, ó gorí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ rì, ó sì ká apá rẹ̀ sẹ́yìn títí egungun fi ṣẹ́, kí Carlos ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ju táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún un. Kimura kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì wúwo jù ú, nítorí náà n kò ní sọ pé ìjà yẹn parí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pe Hélio ní ẹlẹ́rìí, kó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ tán.

Ìjàkadì tiwa náà dá kún àṣìṣe yìí. Bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kanlẹ̀, ó parí, ìlù á yí padà. Kò sí ohun tó mú wa ro ohun tí ẹni òkè yóò ṣe lẹ́yìn náà. Nínú jiu-jitsu, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ IBJJF, tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, ń fún ẹni tó bá kọjá ẹsẹ̀ alátakò ní àmì 3, ẹni tó bá gùn ún ní 4. Ọ̀dọ́ alábẹ́líìtì dúdú ń ja ìṣẹ́jú 10. Ẹni ọdún 36 sókè ń ja 5 péré. Àgbà tó bá débi òkè ní ìṣẹ́jú kejì, tí kò sì kúrò níbẹ̀, ìjà ti di tirẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ìbàdí, kó máa ká orúnkún mọ́ àyà, kó sì fi ẹ̀yìn ru ara ẹni méjì. Èwo nínú wọn ló ń dára sí i lẹ́yìn àádọ́ta ọdún?

Ẹ wo Roger Gracie, ọmọ-ọmọ Carlos. Kì í sáré, kì í fò. Lílọ́ kọ́là fún ọ̀fun látorí àyà, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ tuntun, ni ohun ìjà tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 2009, gbogbo alátakò rẹ̀ ló juwọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ohun tó ń bọ̀. Ó á gùn wọ́n, á tẹ ìbàdí wálẹ̀ sórí ikùn wọn kí èémí lè kúrú, á máa fi orúnkún rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí abíyá wọn títí apá wọn yóò fi di ohun tí kò wúlò mọ́. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ á tó wọ kọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2017, ẹni ọdún 35 ni nígbà tó pàdé Marcus Almeida, Buchecha, ẹni ọdún 27 tó yára bí àṣá. Roger gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi kọ́là fún un lọ́rùn títí ó fi juwọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òmìrán ni Roger. Àmọ́ n kò rí ohunkóhun tó ṣe tó nílò ara ọmọ ogún ọdún.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí ẹni ìsàlẹ̀ bá ti fi itan méjèèjì há ẹsẹ̀ ẹni òkè kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀dọ́ á fẹ́ já a gbà kíákíá. Kí àgbà má ṣe bẹ́ẹ̀. Kó ti apá kan bọ abẹ́ abíyá alátakò, kó fi eegun èjìká kejì ti àgbọ̀n rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi kọ ẹ̀gbẹ́. Ibi tí orí ò bá lè yí sí, ìbàdí náà kò ní lè yí síbẹ̀. Kó wá gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tilẹ̀. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sórí àyà ẹni ìsàlẹ̀, orúnkún tó ń dùn ún á sì bọ́ lọ́wọ́ ìkúnlẹ̀. Alábàárù wáàfù Àpápá kì í fi iṣan apá gbé àpò símẹ́ńtì. Egungun ló ń gbé e lé. Àwọn kan ń pe èyí ní ìjà ọ̀lẹ. Kí wọ́n wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹni tó wọn kílò 90 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹlẹgbẹ́ mi béèrè pé báwo ni àgbà ṣe máa débi òkè. Ìbéèrè gidi kan ṣoṣo tó bi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi Kamaru Usman dáhùn, oníjà àdàlù (MMA) tí wọ́n bí ní Auchi, tó ti ń sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́ ní gbangba ọjọ́ ti pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó ti pé ọdún 38, ó ti fìdí rẹmi nígbà mẹ́ta léra wọn, wọ́n sì kó o pàdé Joaquin Buckley, ẹni ọdún 31, ní Atlanta. Ó sún mọ́ ọn, ó gbá a mọ́ra, ó fà á lulẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e. Buckley sọjí nígbà tí ìjà ń lọ sópin, ó ti pẹ́ jù. Gbogbo adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún Usman.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí bàbá ẹni ọdún 55 máa wọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé bí i ti Usman. Ọ̀rọ̀ mi kò wá fẹ̀ tó bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ipò tí itan ti há ẹsẹ̀ kan yẹn nìkan ni mò ń jà fún. Kí olùkọ́ tó bá fẹ́ gba àgbàlagbà Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ sínú kíláàsì gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lókè, kó má sì kọ́ ọ ní ìdùbúlẹ̀ títí di oṣù kẹfà.