Ọ̀nà Tí A Kò Ro Mọ́

Ìwé tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni Les cahiers du débutant, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Debian-Facile kọ ní èdè Faransé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Debian, ọ̀kan nínú àwọn ètò Linux. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ní i lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìwà rẹ̀ tó wù wá jù ni pé kò fojú tín-ín-rín ẹnikẹ́ni. Orí pátákó ìtẹ̀wé àti eku kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tó ti rí ọmọ tí ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan ẹ̀rọ yóò mọ iyì èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a kò bá ro mọ́, igbó ní í dà. Debian 11 jáde ní 2021, Debian 12 ní 2023, Debian 13 ní 2025. Bí àwòrán inú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dá lẹ́bi, kì í ṣe ìwé. Àléébù ìwé yìí nìyẹn: ó gùn, gígùn rẹ̀ sì ń mú àtúnṣe nira.

Àwọn kan láàrin wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ fẹ́ kí a túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá. Ó dára; ṣùgbọ́n ta ni yóò tún un ṣe lọ́dún méjì sí i? Ojú ìwé mẹ́wàá tí a ń tọ́jú sàn ju odindi ìwé tí a pa tì lọ.