Òpó Ọlọ́wẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́

Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Chicago báyìí: ọba jókòó, olorì dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Òun ló fi orí gba òrùlé.

Bí ẹrù òrùlé bá tẹ́ dọ́gba lórí igi àjà, òpó méjì tó wà ní ìkángun á pín in ní ìdajì-ìdajì, àárín igi ni yóò sì fẹ́ tẹ̀ jù. Ẹ ri òpó kẹta mọ́ àárín gan-an: òun nìkan yóò gba 5/8 ẹrù náà! Ìdí tí mo fi ń kan sáárá sí Ọlọ́wẹ̀ nìyí: ó dá àlàfo sáàárín ère, síbẹ̀ ó fi igi tó pọ̀ tó sílẹ̀ lára olorì, níbi tí ẹrù ń gbà sọ̀kalẹ̀.