Ìtumọ̀ Lórí Ìtumọ̀: Àwọn Ẹ̀dá Ìwáṣẹ̀ Lára Abọ́ Tánńganran Ilẹ̀ Ṣáínà

Gardiner Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun amọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Toronto ní ọdún 1984, ní tánńganran aláwọ̀ funfun àti búlúù láti ilẹ̀ Ṣáínà. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá kó àwọn ọmọ Rexdale lọ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: kí ni a ó pe àwọn ẹ̀dá ìwáṣẹ̀ tí wọ́n yà sára abọ́?

Ìdáhùn tí ó súnmọ́ ẹnu jù ni dragoni. Inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa létí, ní Ìfihàn orí 12, níbi tí a ti pe dragoni ní Èṣù. A mọ ohun tí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe sí orúkọ Èṣù láàrin wa. Ṣùgbọ́n lóng àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀dá. Òun ni wọ́n gbà pé ó ń mú òjò wá, èyí tí ó sì ní èékánná márùn-ún jẹ́ àmì olú-ọba. Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì pe fenghuang ní phoenix, ẹyẹ ìtàn Gíríìkì tí ó ń jóná tí ó sì ń jí padà. Fenghuang kì í jóná. Bí a bá gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìtumọ̀ lórí ìtumọ̀ ni a ń ṣe.

Ìdáhùn kejì dùn mọ́ni jù: kí a pe lóng ní Òṣùmàrè. Àwọn méjèèjì jọ ejò, wọ́n sì bá òjò tan. Síbẹ̀, ìjọra kò sọ méjì di ọ̀kan. Lóng ní ẹsẹ̀, ó sì ń fa òjò. Ìgbà tí òjò bá ń dá ni òṣùmàrè ń yọ. Òrìṣà tí a ṣì ń bọ sì ni Òṣùmàrè.

Ààfin Ṣáínà náà ti ṣe irú èyí rí. Ní ọdún 1414, nígbà tí wọ́n fi àgùfọn, ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà, ta olú-ọba Yongle lọ́rẹ láti Bengal, qilin ni wọ́n pè é, ẹ̀dá ìwáṣẹ̀ tiwọn. Wọ́n bọlá fún un, ṣùgbọ́n àgùfọn fúnra rẹ̀ sọnù sínú orúkọ náà.

Àbá mi ni pé kí a yá lóng, fenghuang àti qilin lò, kí a sì fi àlàyé Yorùbá tì wọ́n lẹ́yìn. Yíyá ọ̀rọ̀ kò sọ èdè di òtòṣì: tánńganran, tí àwa àti Hausa jọ ń lò, ti di ọmọ ilé. Ọmọ tí kò fẹ́ kí a pe Èṣù ní Sátánì kò gbọdọ̀ sọ lóng ẹlòmíràn di dragoni.